Igbó Tí Ọwọ́ Lè Wọ̀

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹfà

Ẹnu mi tún ti ṣáájú ẹsẹ̀ mi. Nídìí tíì àárọ̀ ni ọmọ mi ti ń sọ fún ọkọ rẹ̀ pé ẹgbẹ́ eré ogun ti òdìkejì odò ti gbà láti wá bá ẹgbẹ́ tirẹ̀ díje, pé ogun inú igbó kìjikìji ni wọ́n fẹ́ fi ọmọ ogun oníke kéékèèké jà lórí tábìlì, ṣùgbọ́n kò sí igbó. Èyí tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù, owó èyí tó kún tábìlì kan péré tó owó ilé oṣù kan. Ó ní ó jọ pé kí àwọn ránṣẹ́ sí wọn kí wọ́n má wulẹ̀ wá mọ́. Kí n tó mọ ohun tí mò ń wí, mo ní, "Èmi á ṣe igbó náà."

Àna mi gbé ife rẹ̀ sílẹ̀. Ọmọ mi wo inú àwo rẹ̀, ó ní, "Ẹ má ṣèyọnu, Bàbá." Kò sí ìbínú nínú ohùn rẹ̀. Ohùn tí nọ́ọ̀sì fi ń dá aláìsàn lóhùn ni. Mo tún un sọ. Ó ní kò burú, pé ọjọ́ kẹfà oṣù tó ń bọ̀ ni àwọn àlejò ń bọ̀. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó gba ibi iṣẹ́ lọ.

Mo mọ ohun tó ń rò. Ìlérí tèmi nínú ayé ọmọ yìí, òjò tó ṣú tí kò rọ̀ ni. Mo ní mo máa wá wo eré tí wọ́n ṣe ní ilé-ìwé rẹ̀, ìpàdé àwọn ọ̀gá ilé-ìwé gbà mí lọ. Mo ní mo máa wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó ń gbàwé ẹ̀rí, owó ni mo fi ránṣẹ́. Látìgbà tí mo ti ṣubú ní balùwẹ̀ ni mo ti ń gbé yàrá ẹ̀yìn ilé ọkọ rẹ̀, nídìí oúnjẹ rẹ̀ náà ni mo sì tún ti ń ṣe ìlérí mìíràn. Bí èyí náà bá yẹ̀, kò ní sọ nǹkan kan. Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù.

N kò lè jókòó. Mo rìn dé ìdí okùn ìsáṣọ, mo padà, mo tún lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 Oṣù Kẹfà

Mo gba àyè lọ́wọ́ àna mi, mo wọ yàrá tí ọmọ mi ti ń kun àwọn ọmọ ogun rẹ̀. Kò sí èyí tó ga ju ìka ọwọ́ lọ. Eyín àtọwọ́dá ni ọmọ mi ń ṣe jẹun. Bó bá délé, irú búrọ́ọ̀ṣì tó fi ń kun eyín náà ló fi ń kun ojú wọn. Wọ́n tò sórí pẹpẹ bí àwọn ọmọ ilé-ìwé ní àárọ̀ ọjọ́ ìwọlé. Ọ̀kan wà nínú wọn tó ń sín: ó ti di ojú, ó ti ya ẹnu, ọwọ́ rẹ̀ kan wà nímú. Mo wò ó títí. Ta ní ń kun ọmọ ogun tó ń sín?

Ọdún mélòó ni mo ti ń gbé ilé yìí tí n kò wọ yàrá yẹn rí?

Mo fi ìka wọn gíga wọn. Igi tó bá máa bá wọn mu gbọ́dọ̀ ga tó ife omi méjì tí a tò léra.

Ọjọ́bọ̀, 6 Oṣù Kẹfà

Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta firíjì ni mo lọ lónìí, níbi tí wọ́n ń da fóòmù funfun tó máa ń yí ẹrù wọn ká sí. Ọ̀fẹ́ ni. Aṣọ́nà wọn bi mí bóyá mo fẹ́ fi tẹ́ ibùsùn. Mo ní òkè ni mo fẹ́ fi ṣe. Ó ní òkè wo? N kò mọ bí mo ṣe máa dáhùn, mo kàn kí i pé ó kú iṣẹ́.

Láti ibẹ̀ mo yà sọ́dọ̀ ìyá tó ń ta òdòdó oníke lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwòsàn. Ọmọ rẹ̀ kàwé lọ́dọ̀ mi, ìdí nìyẹn tó fi ń pè mí ní Tíṣà. Ó ní ṣé ìyàwó tuntun ni mo fẹ́ ra òdòdó fún. Mo ní ewé nìkan ni mo ń wá, n kò fẹ́ òdòdó.

"Tíṣà, ìyàwó wo ló máa gba ewé?"

Nígbà tí a rẹ́rìn-ín tán, ó fa àpò kan jáde lábẹ́ tábìlì. Ewé tí oòrùn ti gba àwọ̀ lára wọn ló kún inú rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò rà. Ó ní kí n fún òun ní owó búrẹ́dì kan kí n kó gbogbo rẹ̀, pé ọ̀dà á bo ìtìjú wọn. Mo gbé e kọ́ èjìká bí olè.

Gọ́ọ̀mù funfun tí àwọn káfíńtà ń lò ni ọ̀ràn. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì iye tó wà lọ́dún tó kọjá, ọkùnrin tó ń tà á sì ń sọ iye náà bíi pé èmi ni mo gbé e sókè. Mo ra kékeré.

Ọjọ́ Ẹtì, 7 Oṣù Kẹfà

Òjò látàárọ̀. Gọ́ọ̀mù kò gbẹ. Ara mi náà kò balẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 9 Oṣù Kẹfà

Oníṣẹ́ iná ni àna mi. Ó kó àjákù wáyà wá fún mi, ẹ̀kún àpò sìmẹ́ńtì. A jọ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn, ó sì fi hàn mí bí a ṣe ń bó èèpo wáyà láìgé bàbà inú rẹ̀. A ó di wáyà pọ̀ bí ìgbálẹ̀, a ó fi ẹ̀mú lọ́ àárín rẹ̀ kó di ìtì igi, a ó tú òkè rẹ̀ ká kó di ẹ̀ka, a ó tú ìsàlẹ̀ rẹ̀ ká kó di gbòǹgbò. Lẹ́yìn náà a ó fi bébà ìnujú tí a rì sínú gọ́ọ̀mù wé e. Bó bá gbẹ, yóò hunjọ bí èèpo igi gidi. Ìka mi ń ro mí dé ìgúnpá.

Àna mi ní bí wọ́n bá múná lọ, a lè fa iná lára igi mi. Ọ̀rọ̀ ló fa ọ̀rọ̀, ó ní Ọ̀gágun ni wọ́n ń pe ọmọ mi nínú ẹgbẹ́ wọn. N kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Mo bi í, bí ẹni tí kò bìkítà, bóyá Ọ̀gágun ti sọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ yìí.

"Kò sọ nǹkan kan, Bàbá. Àmọ́ tó bá ń sá aṣọ báyìí, ó máa ń pẹ́ nídìí okùn, á máa wo ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí."

Ọjọ́rú, 12 Oṣù Kẹfà

Gbogbo ilé ló ń mu tíì ní tipátipá. Ewé tíì tí a ti sè tí a sì sá gbẹ ló jọ ilẹ̀ igbó ju ohunkóhun tí mo ti dán wò lọ: ó dúdú díẹ̀, ó pọ́n díẹ̀, ó rí bí ewé tó ti rà. Mo sá a sórí àwo pẹlẹbẹ. Atẹ́gùn kó gbogbo rẹ̀, ó dà á sára ẹ̀wù funfun tí ọmọ mi fi ń ṣiṣẹ́ eyín. Mo sáré fọ ọ́ kí ó tó dé. Àbàwọ́n kan kọ̀ kò lọ. Ó rí i, ó wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 14 Oṣù Kẹfà

Mo ti gé àwọn òkè mi láti inú fóòmù, wọ́n sì dùn ún wò. Ìkánjú wá mú mi. Mo rò pé búrọ́ọ̀ṣì á pẹ́ jù, mo lọ ra ọ̀dà alágolo, èyí tí a ń fín. Mo fín in. Ojú mi báyìí ni àwọn òkè náà bẹ̀rẹ̀ sí í rì. Wọ́n ń jẹ ara wọn bí iyọ̀ tí omi kàn. Kí n tó gbé agolo náà sílẹ̀, òkè ti di kòtò.

Bó bá jẹ́ òkè nìkan ni, ǹ bá rẹ́rìn-ín. Òórùn rẹ̀ ni kò jẹ́. Òórùn ike tó ń yọ́. Mo mọ òórùn yẹn.

Ọmọ mi ṣì jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá nígbà náà, ìdánwò àtiwọ ilé-ìwé girama ti wọlé dé tán. Mo ti ibi iṣẹ́ bọ̀, mo bá a lórí ilẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun tó gé lára ìdérí kálámù àti ìdérí ìgò, ọ̀wọ́ méjì tó kọjú síra. N kò pariwo. Mo kó gbogbo wọn sínú bàsíà, mo gbé e lọ sẹ́yìnkùlé níbi tí a ti ń sun ìdọ̀tí, mo dà á sínú iná. Ó tẹ̀lé mi. Ó dúró, ó wò ó. Kò sunkún, ìyá rẹ̀ ló sunkún. Ó yege ìdánwò náà, ó sì gba ipò kìíní. Mo fi ìyẹn ṣe ẹ̀rí fún ọ̀pọ̀ ọdún pé mo ṣe dáadáa.

Kì í sì í ṣe inú ilé nìkan ni mo ti sọ ọ́. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, mo gba ohùn ara mi sórí sídì, Ìtọ́ni fún Òbí, alápá mẹ́fà. Nínú apá kẹta ni mo ti ròyìn ọjọ́ náà bí ẹni tó ń ròyìn ogun tó ṣẹ́. Ẹnikẹ́ni kò rà á. Páálí rẹ̀ wà lábẹ́ ibùsùn mi di òní. Mo sì ń sùn lórí rẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15 Oṣù Kẹfà

Òkè tuntun. Gọ́ọ̀mù ni mo kọ́kọ́ fi bò wọ́n, lẹ́yìn náà ni mo fi búrọ́ọ̀ṣì kun ọ̀dà olómi lé e. Wọn kò yọ́. Ti àná, mo ti sin ín sísàlẹ̀ garawa ìdọ̀tí kí ẹnikẹ́ni má baà rí i. Àgbà tó ń fi ìdọ̀tí pamọ́ bí ọmọ kékeré.

Ọjọ́rú, 19 Oṣù Kẹfà

Igbó dúró. Mo lẹ gbogbo rẹ̀ mọ́ pákó pẹlẹbẹ kan, igi sún mọ́ igi, ewé wọnú ewé. Mo já fóòmù tí a fi ń fọ abọ́ wẹ́wẹ́, mo rẹ ẹ́ sínú ọ̀dà aláwọ̀ ewé, ó di igbó abẹ́ igi. Odò kékeré kan gba àárín rẹ̀ kọjá. Gọ́ọ̀mù tó mọ́ gaara ni omi rẹ̀. Bí ènìyàn bá bẹ̀rẹ̀ wò ó láti ẹ̀gbẹ́, kò ní rí òdìkejì. Ìyá olódòdó kọjá, ó yọjú láti ẹnu ọ̀nà, ó ní ejò ò sí nínú rẹ̀ bí? Inú mi dùn ju bó ṣe yẹ lọ.

Ọmọ mi dé láti ibi iṣẹ́, ó dúró tì í. Ó ní, "Ó rẹwà, Bàbá." Mo ń retí kí ó fọwọ́ kàn án. Ó gbé ọwọ́ sókè lórí rẹ̀ bí ẹni tó ń wá ibi tó máa gbé e lé, ó sì tún gbé e padà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó ní ọmọ ẹgbẹ́ wọn kan tí wọ́n ń pè ní Ọwọ́-Ṣọ́bìrì á wá dán an wò lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. N kò béèrè irú ìdánwò tí ó jẹ́. Ẹni tó ti ṣe ìdánwò fún ọmọ ọlọ́mọ látìgbà èwe rẹ̀, kí ló kù tó fẹ́ béèrè?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22 Oṣù Kẹfà

Ọwọ́-Ṣọ́bìrì dé. Bẹ́kà tó ń ṣe búrẹ́dì ni, ó ga, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tó ìdérí ìkòkò. Òun ni ẹgbẹ́ wọn fi ń dán gbogbo tábìlì wò: wọ́n á gbé ọmọ ogun kan sí ibi tó jìn jù, òun á sì fọwọ́ gbé e jáde láìbi igi kankan ṣubú. Bí ọwọ́ tirẹ̀ bá wọ̀, ọwọ́ gbogbo ayé wọ̀.

Ọmọ mi fi ẹ̀mú kékeré tó fi ń mú eyín sọ ọmọ ogun tó ń sín kalẹ̀ sétí odò. Ọwọ́ bẹ́kà wọlé. Mo gbọ́ tí ẹ̀ka ṣẹ́. Ó fà á padà, ó gba ọ̀nà mìíràn wọlé, òmíràn ṣẹ́. Ọmọ ogun ṣubú sábẹ́ ewé, a kò sì rí i mọ́. Ọwọ́-Ṣọ́bìrì wò mí bí ẹni tó fọ́ àwo nílé àna. Ó ní, "Bàbá, igbó yìí dára ju igbó lọ. Àmọ́ igbó tí ọwọ́ ò bá lè wọ̀, ogun ò lè wọ̀ ọ́."

Ó yẹ kí n dákẹ́. Ọ̀gá ilé-ìwé tó wà nínú mi ló dìde. Mo ní ṣé igbó gidi máa ń lanu fún ọwọ́ ni? Mo ní kí wọ́n lọ wá ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kéré. Mo sọ púpọ̀ tí n kò ní kọ síbí. Mo wá yíjú sí ọmọ mi, mo ní, "Mo sì ṣe é fún ọ."

Ó ń tún ewé kan ṣe. Kò gbójú sókè. "Òótọ́ ni, Bàbá, ẹ ṣe é fún mi. Àmọ́ ẹ ò bi mí bí wọ́n ṣe ń ṣeré náà." Ó mú ewé mìíràn. "Bíi tọjọ́ yẹn náà ni. Kì í ṣe iná yẹn ló dùn mí jù. Ẹ ò tiẹ̀ béèrè ta ló ń borí."

Ọwọ́-Ṣọ́bìrì ní òun fẹ́ lọ wo búrẹ́dì òun. Ó lọ.

Ọjọ́ Àìkú, 23 Oṣù Kẹfà

Mo di báàgì láàárọ̀. Àbúrò mi obìnrin ní yàrá kan tó ṣófo. Mo tú u. Mo tún un dì. Àna mi bá mi pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀, ó ní òjò ń bọ̀, ibo ni mò ń lọ? Mo ní mò ń wò ó bóyá báàgì náà ṣì dára. Ó ní ó dára. Ó jókòó lé e lórí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn wáyà kan tó gbé e ṣubú níbi iṣẹ́, kò dìde títí mo fi bọ́ bàtà.

Lọ́sàn-án mo kan ilẹ̀kùn yàrá ọmọ mi. Mo ní, "Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é?"

Ó wò mí pẹ́, bí ẹni tó ń wá ibi tí ẹ̀tàn wà. Lẹ́yìn náà ó kó ìgò iyọ̀, àwọn ṣíbí, páálí ìṣáná àti dáìsì bíi ti lúdò sórí tábìlì ìjẹun. Ìṣáná ni ọmọ ogun, ìgò iyọ̀ ni òkè. Ó fi okùn ìwọ̀n hàn mí bí wọ́n ṣe lè rìn jìnnà tó, ó fi hàn mí bí dáìsì ṣe ń sọ ẹni tó yè àti ẹni tó kú. Ó nà mí kí tíì mi tó tutù. Mo ní ká tún un ṣe. Ó wo aago, ó wò mí, ó jókòó padà. Ó tún nà mí.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ igbó ti yé mi. Kì í ṣe igi ni igbó. Ilẹ̀ tí àwo pẹlẹbẹ tí wọ́n gbé igi lé bò, ìyẹn ni igbó. Igi kàn jẹ́ ẹlẹ́rìí. Bí ọmọ ogun bá dé ibẹ̀, wọ́n á gbé igi kúrò, wọ́n á to ọmọ ogun, bí wọ́n bá ṣe tán wọ́n á dá igi padà. Igbó tèmi, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má lè mú nǹkan kan kúrò níbi tí mo fi í sí. Bí mo ti ṣe gbogbo ohun tí mo ṣe láyé nìyẹn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 25 Oṣù Kẹfà

Mo mú ọ̀bẹ, mo tú igbó. Ó dùn mí bí ẹni tó ń fa eyín ara rẹ̀. Igi tó pọ̀ jáde láìkú. Odò kò yè é. Mo rí ọmọ ogun tó ń sín lábẹ́ ewé, apá rẹ̀ kan ti kán. N kò lẹ̀ ẹ́. Mo gbé e lọ bá ọmọ mi, mo bi í bóyá kí n lẹ̀ ẹ́ tàbí kí òun lẹ̀ ẹ́. Ó ní òun á lẹ̀ ẹ́. Ó ní ẹ ṣé.

Páálí ni mo gé ní róbótó láti fi ṣe ìdí igi. Gọ́ọ̀mù wọ̀ ọ́, ó ká sókè bí ewé gbígbẹ, igi ń dojú bolẹ̀ bí ọ̀mùtí. Pákó tín-ín-rín wọ́n jù, àwọn tó ní ẹ̀rọ tó lè gé e ní róbótó sì ń bu owó bí ẹni tó ń gé wúrà. Ọjọ́ kẹfà sì ti ń sún mọ́lé. Mo rìn yí ilé ká títí ó fi sú ajá àwọn ará ẹ̀gbẹ́ láti gbó mi.

Ọjọ́bọ̀, 27 Oṣù Kẹfà

Mo fa páálí abẹ́ ibùsùn jáde.

Sídì kì í ká. Omi kì í wọ̀ ọ́. Ó pẹlẹbẹ, ó gba igi mẹ́ta lórí kan ṣoṣo, Ọlọ́run sì ti dá ihò sí i láàárín fún gbòǹgbò. Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo kàn ń bá ara mi jiyàn.

Àna mi gbé ọ̀kan, ó ka ara rẹ̀ sókè: "Ìtọ́ni fún Òbí, láti ẹnu ọ̀gá ilé-ìwé àgbà." Ó wo igi wáyà tó wà lọ́wọ́ kejì, ó wò mí, ó fi sídì náà bo ẹnu. Èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n fún ẹ̀rín. Ọmọ mi wọlé ní àkókò yẹn. Ó wo páálí náà. Ó ní, "Apá kẹta ńkọ́?"

N kò mọ̀ pé ó ti gbọ́ ọ rí. Ó ní ìyá òun ló fún òun kí ó tó kú, pé òun gbọ́ ọ dópin. Mo wá ọ̀rọ̀ nínú gbogbo èyí tí mo ti fi ọjọ́ ayé mi kọ́, èyí tí mo rí kò pọ̀.

Mo ní, "Mo parọ́ nínú rẹ̀. Mo ní o dúpẹ́ lọ́wọ́ mi lẹ́yìn ìdánwò."

"Mi ò dúpẹ́."

"O ò dúpẹ́. Kò sì yẹ kí o dúpẹ́. Ohun tí mo ṣe kò dára, mo sì tún lọ ń fi yangàn. Jọ̀wọ́, foríjì mí."

Ó wá apá kẹta jáde nínú páálí, ó mú pépà oníyanrìn tí àwọn káfíńtà fi ń ha pákó, ó jókòó sórí àpótí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ha ojú sídì náà kí gọ́ọ̀mù lè dì í mú. Ó ha á títí gbogbo ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ fi lọ. Ó fẹ́ eruku rẹ̀ dànù, ó gbé e sókè sójú iná. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín pa á. N kò tíì gbọ́ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ látìgbà tí mo ti dé ilé yìí; ó ní láti di ògiri mú. Ó ní, "Wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó wúlò, Bàbá. Àmọ́ wọ́n wúlò."

Ó nawọ́ sí èmi náà pẹ̀lú pépà. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ha sídì títí oúnjẹ fi tutù.

Ọjọ́ Ajé, 1 Oṣù Keje

Òjò, òjò, òjò. Gọ́ọ̀mù kọ̀ kò gbẹ. Àna mi so gílóòbù ńláńlá sókè ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí ooru wọn lè ràn wá lọ́wọ́; ó ní bí owó iná bá dé, igbó ni kí wọ́n gbé e fún. Mo ń fọwọ́ kan ìdí igi kan lẹ́yìn ìkejì bí ìyá tó ń wo orí ọmọ tó ní ibà.

Ọjọ́rú, 3 Oṣù Keje

Ọwọ́-Ṣọ́bìrì gbé búrẹ́dì gbígbóná wá. Ó wọ ọgbà náà tìtìjú-tìtìjú, èmi ni mo kọ́kọ́ kí i. Mo ní kí ó má bínú sí ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn. Ó ní ọ̀rọ̀ wo? Ọmọlúàbí ni.

A tò ó. Igi wà, òkè wà, odò tuntun wà lórí awẹ́ pákó tó ṣe é gbé. Bí a bá wò ó lókèèrè, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dí tó ti àkọ́kọ́. Ọmọ ogun tó ń sín wà láàárín gbùngbùn, apá rẹ̀ ti jinná. Ọwọ́ bẹ́kà gbé igi kan kúrò, ó mú ọmọ ogun, ó dá igi padà. Ewé kan kò mì. Ó tún un ṣe pẹ̀lú ojú dídì láti fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í tún igi tò bó ṣe wù ú, ó gbé odò lọ sí ibi tí n kò ní fi í sí láéláé. Mo ki ọwọ́ mi méjèèjì bọ àpò.

Ọjọ́ Ẹtì, 5 Oṣù Keje

Wọ́n ti kó o lọ. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣófo, ewé tíì nìkan ló kù nílẹ̀. Ọmọ mi kò ní kí n wá lọ́la. Kò sì ní kí n má wá. N kò ṣèlérí. Mo fọ ẹ̀wù, mo lọ̀ ọ́, mo tún un lọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6 Oṣù Keje

Wọ́n nà wá. Kí n kọ ìyẹn sílẹ̀ ná.

Òkè ilé ìtẹ̀wé ni gbọ̀ngàn wọn. Mo gun àtẹ̀gùn dé ìdajì, mo gbọ́ ohùn ọ̀pọ̀ ènìyàn, mo sọ̀ kalẹ̀. Mo rìn yí àdúgbò náà ká. Mo ra bisikíìtì tí n kò jẹ. Mo tún gun ún, mo tún sọ̀ kalẹ̀. Mo ń sọ fún ara mi pé àgbà tí a kò bá pè kì í yọjú sí eré ọmọdé. Mo sì mọ̀ pé ẹ̀rù ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Òjò ló parí ọ̀rọ̀ náà. Ó bẹ̀rẹ̀ lójijì, ó lé mi wọlé.

Ẹnikẹ́ni kò wò mí. Wọ́n pọ̀ yí tábìlì náà ká, àwọn àlejò àti ará ilé. Ẹnìkan tó wọ fìlà ń bi Ọwọ́-Ṣọ́bìrì ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ra igbó náà. Ó ní wọn kò tà á. Olórí àwọn àlejò, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó ń ṣe awò ojú, dúró ní òdìkejì pẹ̀lú ọwọ́ lẹ́yìn. Ọ̀gágun wà ní ìhà ibí, dáìsì ní ọwọ́ kan, okùn ìwọ̀n ní ọwọ́ kejì. Àbàwọ́n tíì wà létí ẹ̀wù rẹ̀.

Kò yíjú. N kò mọ bó ṣe mọ̀ pé èmi ni. Ó ní, "Bàbá, ẹ bá mi gbé igi yẹn."

Mo nawọ́, mo gbé e. Ó to àwọn ọmọ ogun rẹ̀ sórí ilẹ̀ tí igi náà fi sílẹ̀, èyí tó ń sín ló ṣáájú. Mo ní, "Ta ló ń borí?"

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí tábìlì. Ó gbójú sókè, ojú tó sì fi wò mí, n kò ní gbìyànjú láti kọ ọ́.

"Wọ́n ń nà wá, Bàbá. Ẹ súnmọ́ ibí, kí ẹ lè rí i."

Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó sọ ibi tí wọ́n ti wọlé, bí wọ́n ṣe gba odò, ìdí tí òun fi sá kúrò lórí òkè, ẹni tí òun pàdánù àti ẹni tí òun fi pamọ́ tí wọn kò tíì rí, ìyẹn ló sọ sí mi létí. Aláwò ojú dúró dè é, kò kán wa lójú. Òjò ń rọ̀ lórí páànù. Ó ti tó àkókò kí n dá igi náà padà sí àyè rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì sọ tán, mo sì dì í mú lọ́wọ́. N kò bi ara mi apá wo nínú àwọn sídì mi ló wà nídìí rẹ̀.